Àgékù ànkárá kún Ghana-must-go méjì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kúìlìtì kékeré

Aránṣọ Lágere (Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lágere níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aṣọ obìnrin àti ti ọmọdé ni mò ń rán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àgékù ànkárá jọ, torí ọkàn mi ò gbà á kí n dà wọ́n nù. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi wà níbẹ̀, àgékù bùbá tí mo rán kẹ́yìn fún ìyá ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Báyìí ó ti kún Ghana-must-go méjì. Ọmọ iṣẹ́ mi ti sọ ọ̀kan di àga.

Mo wá rí kúìlìtì lórí fóònù, aṣọ tí wọ́n ń fi ègé kéékèèké rán pọ̀, tí wọ́n á ki nǹkan rírọ̀ sí àárín, tí wọ́n á tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́, tí wọ́n á wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Mo ní ọmọ tuntun àbúrò mi ni màá fi ta lọ́rẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Igun kan gùn ju èkejì lọ, àárín rẹ̀ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, nígbà tí mo sì fọ̀ ọ́, ègé àdìrẹ tó wà nínú rẹ̀ ta aró sí gbogbo funfun. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kànlá! Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Aránṣọ Ìrèmọ
O ò wọ̀n ọ́n, ọmọ mi. Bùbá fẹ̀. Bí o bá fi ojú wọn bùbá, ara á gbà á. Ègé kékeré ò gba bẹ́ẹ̀. Bí ègé mẹ́sàn-án bá tò lórí ìlà kan, ojú rírán mẹ́jọ ló wà láàárín wọn. Bí ojú rírán kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá mẹ́jọ ínṣì jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, odindi ínṣì kan ti lọ nìyẹn. O wá gbé ìlà náà ti èyí tí o rán dáadáa, o sì ń béèrè ìdí tó fi wú.

Ìdá mẹ́rin ínṣì ni etí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún rírán nínú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ìdajì ínṣì tí a fi ń rán síkẹ́ẹ̀tì o. Kí o tó rán ohunkóhun, gé ègé mẹ́ta tí ó fẹ̀ ní ínṣì kan ààbọ̀, rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lọ̀ ọ́, kí o wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lápapọ̀, ti àárín á sì jẹ́ ínṣì kan géérégé. Bí kò bá pé, etí rẹ ti fẹ̀ jù. Bí ó bá lé, ó ti tín jù. Má kúrò lórí ìyẹn títí yóò fi tọ́. Lẹ téèpù aláwọ̀ sí orí máṣíìnì níbi tí etí aṣọ gbọ́dọ̀ máa tọ̀, kí ojú rẹ lè sinmi.

Ìyá Ìbejì Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ òṣómàálò dá sí i. Ìran tó ń ru aṣọ kiri ìlú tà láwìn, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ó yẹ kí ó mọ nǹkan kan nípa aṣọ!

Bàbá sọ òótọ́, àmọ́ wíwọ̀n nìkan kọ́. Ẹ ti da aṣọ pọ̀. Nínú àpò àgékù télọ̀, òwú wà, pọliẹ́sítà wà, léèsì wà, ṣífọ́ọ̀nù wà. Bí ẹ bá rán òwú tí ẹ kò tíì fọ̀ mọ́ pọliẹ́sítà, òwú á sún kì nínú omi, ìkejì á dúró bó ṣe wà. Apá kan lára ikùn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lókè abọ́ irin, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á di eérú tó rọ̀. Pọliẹ́sítà á yọ́, á sì dì bíi ìlẹ̀kẹ̀ líle. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù tí Ghana-must-go méjì ti kún.

Ti aró àdìrẹ ńkọ́? Bí mo bá ra kàm̀pálà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, lọ́tọ̀ ni mo máa ń fọ̀ ọ́, títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n á ní kí ẹ da iyọ̀ sí i, wọ́n á ní fínígà. Mo ti da méjèèjì, aró ò gbọ́. Omi ló ń lé aró tó ṣẹ́kù jáde. Ànkárá tuntun náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì inú rẹ̀ lọ, kí ó sún kì kí ẹ tó gé e. Bí ègé bá ti kéré, ẹ kó wọn sínú àpò ìrọ̀rí, ẹ dì í lẹ́nu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí wọn á tú bí irùngbọ̀n.

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni mí, họ́sítẹ̀ẹ̀lì Moremi ni mò ń gbé, mi ò ní máṣíìnì. Ṣé a lè fi ọwọ́ rán kúìlìtì?

Ẹnu Ò Sé
Ẹ má bínú o, ìbéèrè ni tèmi. Ta ló fẹ́ fi aṣọ onípele mẹ́ta bora nínú ooru yìí? Àwa tí à ń sùn pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí.

Aránṣọ Lágere
@Ẹnu Ò Sé, ọyẹ́ ò mọ ilé yín ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe ìbora nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo fẹ́ ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ́ fún ọmọ lórí ẹní, àti èyí tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná. Bàbá, ẹ ṣé o. Mo ṣe ègé mẹ́ta yẹn láàárọ̀ yìí. Ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀ ló jẹ́. Ojú tì mí.

Bàbá Aránṣọ Ìrèmọ
Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tún un ṣe.

Ìyá Àgbà Mọ̀órè
Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ẹ̀ ń pè é ní kúìlìtì, àwa ò pè é ní nǹkan kan. Bí ìró bá ti gbó lójú kan, ìyá mi á gé ibi tó ṣì lágbára, á rán an mọ́ òmíràn, á fi èyí tó gbó pátápátá sí àárín, á wá fi abẹ́rẹ́ gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Òun la fi ń tẹ́ ọmọ. Ó rọ̀ ju ohun tí ẹ̀ ń rà lọ, torí aṣọ tó ti rí omi púpọ̀ kì í ta ọmọ lára.

Aṣọ òkè gan-an, kí ni? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti orí òfì wá, télọ̀ ló ń rán an pọ̀ kó tó di ìró. Ẹ sì wo aṣọ eégún nígbà ọdún, bí wọ́n ṣe ń to àgékù lé àgékù, tí etí rẹ̀ ń ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn. Mi ò wí awo o, ohun tí gbogbo ojú rí ni mo sọ. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni.

Fún àárín rẹ̀, ẹ má fi fóòmù sí i. Fóòmù ń gba omi sára, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ó sì ń rún. Ìró àtijọ́ kan ti tó nílẹ̀ wa. Bí ẹ bá fẹ́ kó nípọn, ẹ lo bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó tín, kí ẹ fọ òun náà kí ẹ tó lò ó.

Ọmọbìnrin Moremi yẹn, fi ọwọ́ rán an, ọmọ mi. Ìyá mi ò ní máṣíìnì.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Texas
Ọ̀rọ̀ màmá yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìhín kún un. Ní Alabama, ìletò kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lóko òwú ló ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Sòkòtò iṣẹ́ tó ti já lórúnkún, àpò ìyẹ̀fun, aṣọ ọkọ tó ti kú, ìyẹn làwọn ìyá ibẹ̀ fi ń rán kúìlìtì kí òtútù má pa ọmọ. Ìlà wọn kì í tọ́ bíi ti rúlà, wọ́n á kàn máa fi ojú inú tò ó. Ní 2002, ilé ọnà Museum of Fine Arts tó wà ní Houston kó iṣẹ́ wọn jáde fún gbogbo ayé wò, ní 2006 ìjọba Amẹ́ríkà sì tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́. Torí náà, àǹtí Lágere, èyí tó wọ́ yẹn, ẹ má tíì jù ú nù.

Bàbá Aránṣọ Ìrèmọ
Àwọn yẹn mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kí ó wọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ́ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń rán an tọ́.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Texas
Mo gbà, bàbá 😂. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìmọ̀ràn lórí kúìlìtì kékeré ni àǹtí ń wá. Ẹ gé onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjèèjì. Ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹ rán an. Tó bá tọ́, ínṣì mẹ́fà ààbọ̀ ni yóò jẹ́. Mo ń pe ìyẹn ní alámẹ́sàn-án. Mẹ́rin irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ohun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, ínṣì méjìlá sí méjìlá.

Bí ó bá ti wá sú yín, ẹ gé alámẹ́sàn-án yẹn sí mẹ́rin, ẹ gba àárín rẹ̀ gan-an kọjá lóròó àti ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gé ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán! Ẹ yí ègé méjì tó wà ní igun sí igun po, ẹ rán an padà. Àwòrán mìíràn pátápátá ló máa jáde, bíi pé ẹ jókòó to ègé kéékèèké fún ọjọ́ mẹ́ta. Ínṣì mẹ́fà ni yóò kù ní fífẹ̀, torí ojú rírán tuntun jẹ díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Iléṣà
Ẹ dúró ná. Ó kù ohun kan tí kò sí nínú fídíò àwọn òyìnbó. Aṣọ tiwọn, òdòdó wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ni. Ànkárá tiwa, ẹyẹ kan lè tóbi tó àwo ìjẹun. Bí ẹ bá gé e sí ínṣì méjì ààbọ̀, ojú ẹyẹ á wà lápá kan, ìrù á wà lápá mìíràn, gbogbo ègé á máa pariwo, kò ní sí èyí tí ojú á gbá mú. Èmi ti ṣe irú ẹ̀ rí, ọkọ mi béèrè bóyá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn la fẹ́ fi kọ́, kí wọ́n lè fi yẹ ojú àwọn ènìyàn wò.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń pín àgékù sí mẹ́ta: èyí tó dúdú, èyí tó mọ́lẹ̀, àti èyí tó wà láàárín. Kì í ṣe àwọ̀ ni mò ń wò o. Pupa lè dúdú, pupa lè mọ́lẹ̀. Bí ojú bá dà mí rú, mo máa ń tẹ́ wọn sílẹ̀, màá fi fóònù ya fọ́tò, màá sọ fọ́tò náà di dúdú-òun-funfun. Kíá ni ẹ ó rí i pé ọ̀sàn àti àwọ̀ ewé tí ẹ rò pé wọ́n jìnnà síra, bákan náà ni wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, màá wá aṣọ tí kò ní àwòrán kankan lára, àgékù yẹ̀rì àbí ti yúnifọ́ọ̀mù, màá fi sáàárín àwọn aláriwo, kí ojú lè rí ibi sinmi. Bí ẹyẹ ńlá bá sì wà tí mo fẹ́ràn, odindi ni mo ń gé e, màá fi sí àárín, àwọn yòókù á wá yí i ká.

Fún yíyíká yẹn, Log Cabin ni. Ahéré onígi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Onígun mẹ́rin kan ní àárín, ínṣì kan ààbọ̀, kí ẹ wá máa rán tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní ínṣì kan ààbọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, kó máa yí i po. Ìyíká kìíní, ó di ínṣì mẹ́ta ààbọ̀. Ìkejì, márùn-ún ààbọ̀. Ìkẹta, méje ààbọ̀. Pupa ni wọ́n sábà ń fi sí àárín, wọ́n ní iná ààrò inú ahéré ló dúró fún. Bí ẹ bá fi aṣọ tó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó kángun síra, tí ẹ fi èyí tó dúdú sí méjì yòókù, bí oòrùn ṣe ń wọlé láti ojú fèrèsé ló máa rí. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ yín ń gbá dànù lójoojúmọ́, ohun tí iṣẹ́ yìí ń jẹ nìyẹn.

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́
Màmá Mọ̀órè, ẹ ṣeun púpọ̀ mà. Mo ti bẹ̀rẹ̀! Ẹnì kan ní yàrá wa fi èyí tí wọ́n ń fi bébà ṣe hàn mí. Ẹ ó gé bébà onígun mẹ́fà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì kan, ẹ ó gbé e lé ẹ̀yìn àgékù, ẹ ó ká etí aṣọ bo bébà, ẹ ó fi òwú há a dúró. Bí ẹ bá ti ní méje, ọ̀kan á wà láàárín, mẹ́fà á yí i ká bí òdòdó. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ so etí wọn pọ̀, kí abẹ́rẹ́ má wọ inú bébà. Bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ègé kan bá ti ní aládùúgbò, ẹ lè yọ bébà rẹ̀, kí ẹ tún un lò. Ìwé ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni mo fi ṣe tèmi. Ó dùn mọ́ mi nínú láti gé e.

Kò nílò iná, kò nílò tábìlì. Mo ti rán òdòdó kan nínú kíláàsì, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò Mẹkáníìkì
Máṣíìnì Butterfly ìyá mi ń fo ojú bí aṣọ bá ti di mẹ́ta. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Aránṣọ Ìrèmọ
Kò bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ 14 ló wà lára rẹ̀, fi 16 tó nípọn jù ú lọ sí i. Abẹ́rẹ́ tó ti kú lẹ́nu pẹ̀lú ń fo ojú, nítorí náà tuntun ni kí o fi sí i. Dẹ skúrúù tó tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí aṣọ ìsàlẹ̀ má máa yára ju tòkè lọ. Kí o tó gbé e sórí máṣíìnì rárá, fi òwú gígùn gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́wọ́, kí ojú kan sí èkejì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Láti àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa bọ̀ sí etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, gbogbo ìwúlé á sá lọ sí àárín, á sì há síbẹ̀.

Aránṣọ Lágere (Ọjọ́bọ̀)
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ìgbà kẹta ni ègé mẹ́ta bàbá tó di ínṣì mẹ́ta ààbọ̀. Mo wá ṣe alámẹ́sàn-án mẹ́rin. Mẹ́ta tọ́. Ìkẹrin ò tọ́, mo sì mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ oníbàárà ló gbà mí lọ́kàn. Mo tú u, mo tún un rán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, èmi ni kí n sọ ọ́: áyọ́ọ̀nù. Bí a ṣe ń lọ aṣọ oníbàárà, tí à ń wọ́ áyọ́ọ̀nù lọ wọ́ ọ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ ègé wọ̀nyí, ló bá ń fà. Ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò, ó tán. Ẹ má wọ́ ọ. Mo sì tẹ etí rírán ìlà kìíní sí apá ọ̀tún, ti ìlà kejì sí apá òsì, nígbà tí mo gbé wọn pàdé, igun wọn há mọ́ra wọn bíi pé wọ́n ti ń retí ara wọn tipẹ́. Ariwo tí mo pa, ọmọ iṣẹ́ mi rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi.

Ọ̀kan ni mo ní ìgboyà láti gé sí mẹ́rin bí Ọmọ Ifẹ̀ ṣe wí. Àyà mi já. Ó wá dára ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ báyìí ó fi ìdajì ínṣì kéré sí wọn, kò bá wọn dọ́gba mọ́! Mo ti sọ ọ́ di ìgbékòkò, mo sì rán òmíràn dípò rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù: etí mẹ́rin tí mo so pọ̀ fún orí tábìlì. Ṣé dandan ni kí n gé aṣọ tí màá fi dì í ní igun sí igun bíi ti ọrùn bùbá? Ó ń jẹ aṣọ púpọ̀.

Bàbá Aránṣọ Ìrèmọ
Rárá. Ibi tó bá tẹ̀ kọdọrọ ló nílò ìyẹn. Etí tìrẹ tọ́, gé e gbọọrọ. Kí ó fẹ̀ ní ínṣì méjì ààbọ̀, ká a sí méjì lóròó, lọ̀ ọ́, rán ẹnu rẹ̀ mọ́ ojú kúìlìtì, kí o wá yí ibi kíká bọ́ sẹ́yìn, kí o fi ọwọ́ pa á. Ínṣì méjìlá lọ́nà mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta nìyẹn. Fi mẹ́wàá kún un fún igun àti ìsopọ̀. Ìbú ànkárá kan ò ní tó, méjì ni o máa so pọ̀. Dágun ni kí o so ó, kí ó má ṣe kókó.

Ìyá Àgbà Mọ̀órè
Ó ní kí n sọ pé kí ẹ fi àgékù bùbá ìyá ọkọ yín dì í létí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, màmá ni.

Aránṣọ Lágere
Ẹ bá mi kí màmá. Ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ lára aṣọ yẹn, màá wọ̀n ọ́n bóyá á tó.

Ìyá Ìbejì Iléṣà
Bí kò bá tó, irú ànkárá wo ni? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mò ń bọ̀ wá sí Ifẹ̀, mo ní àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ kìkì aṣọ tó mọ́lẹ̀. Pupa ló wọ́n mi. Ẹ bá mi ya ti ààrò sọ́tọ̀.